Èkó sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: rélùwéè, ọkọ̀ ara ẹni, gáréèjì tàbí ṣátà?

Ẹni tó ń dá lọ sí Ìbàdàn láti Èkó kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò wọ̀. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ẹ bá pọn ọmọ kan sẹ́yìn, tí ẹ fa èkejì lọ́wọ́, tí báàgì mẹ́ta wà nílẹ̀, tí ẹni ọdún mẹ́rin sì ń sọ pé "Mo fẹ́ tọ̀" kí ẹ tó kúrò ní àdúgbò. Àwọn òbí tó fẹ́ kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo kọ èyí fún, bóyá ẹ ń lọ kí àna, bóyá iṣẹ́ tuntun ló ń gbé yín lọ, tàbí owó ilé Èkó ló ti ga jù fún yín.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ara ẹni, ọkọ̀ gáréèjì, àti ṣátà, ìyẹn kí ẹ gba odidi ọkọ̀ kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Alákìà ní Ìbàdàn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí kò ju bíi 130 kìlómítà lọ kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ kó ọmọ lọ to ìlà ní pápákọ̀ Ìkẹjà. Mi ò kà á mọ́ wọn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni èyí: apá ibo ní Ìbàdàn ni ẹ máa sùn sí? Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ka wákàtí tí ọkọ̀ fi ń sáré nìkan, wọ́n á ní rélùwéè yá, wọ́n á ní mọ́tò ara ẹni yá. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn-àjò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ jí i lójú oorun ní ìdájí, kò sì parí àfìgbà tí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán, tí ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbàdàn fẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń lọ sí Challenge àti ẹni tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ tó dára fún ọ̀kan lè jẹ́ ìyà fún èkejì. Ẹ pe ẹni tí ẹ ń lọ bá, kí ó sọ fún yín ìdíkọ̀ tó sún mọ́ ilé jù lọ. Orúkọ ìdíkọ̀ yẹn ló máa pinnu ìdajì ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ara ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún á fẹ́ tọ̀, á fẹ́ dìde, ooru á mú un, ó sì lè bì. Kò sí èyí tó máa dúró de ibi tó rọ̀ yín lọ́rùn. Nítorí náà ẹ bi ara yín: nínú ọkọ̀ yìí, ta ló ní àṣẹ láti dúró? Ṣé èmi ni, àbí ẹlòmíràn?

Ti ààbò kò gba àrífín. Kò sí apá ìyá tó lágbára tó láti di ọmọ mú nígbà tí ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan bá tẹ bíréèkì lójijì. Bẹ́líìtì ló lè ṣe é. Bí ẹ bá sì so bẹ́líìtì kan pọ̀ mọ́ ara yín àti ọmọ orí itan, ara yín fúnra rẹ̀ ló máa tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ fi èyí sọ́kàn nínú gbogbo ohun tó ń bọ̀.

Ní ti owó, mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tòní lè má jẹ́ iye tọ̀la. Bí wọ́n ṣe ń ka owó náà ni kì í yí padà: rélùwéè àti gáréèjì ń gbowó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ara ẹni ń gbowó lórí epo, ṣátà ń gbowó lórí odidi ọkọ̀. Ìyá kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan, àti bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, kò lè rí èsì kan náà nínú ìṣirò yìí.

Ọkọ̀ ojú irin

Ọkọ̀ ojú irin tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò fún owó ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, ó sì máa ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágómejì, lẹ́bàá Yábà, títí dé ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Kò gba Ṣàgámù rárá. Agége ló gbà, ó kọjá sí Abẹ́òkúta níbi tí ibùdókọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, kó tó wá kọrí sí Ìbàdàn.

Nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni ọmọ ti lè dìde rìn. Ẹni tó bá mọ ọmọ ọdún méjì mọ ohun tí mo ń sọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀, AC wà, ibi tí wọ́n ti ń ta ìpápánu wà. Níbi tí àga bá ti kọjú síra, ìdílé kan lè jọ jókòó kí wọ́n máa wo ojú ara wọn. Ọmọ mi kejì kì í jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò, ẹkún ló máa ń fi gbogbo ọ̀nà sun. Nínú rélùwéè, ó rìn láti àga wa dé ẹnu ilẹ̀kùn kóòṣì, ó padà, ó tún lọ, ó ń fọwọ́ kan orí àga kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n ní ení, èjì, ẹ̀ta. Àgbàlagbà kan tó jókòó létí ọ̀nà ń bá a ka èyí tó bá fò. Nígbà tí a fi máa dé Abẹ́òkúta, ó ti sùn sórí ẹsẹ̀ mi, bàtà ẹyọ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìṣòro rélùwéè wà ní orí àti ìdí rẹ̀, kì í ṣe láàárín. Ní ti Èkó, ẹni tó ń gbé ní Yábà, Sùúrùlérè tàbí Mushin ti sún mọ́ ọn. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà tàbí Ìyánà Ìpájà, kó wọ̀ ọ́ ní Agége, kó má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Alágómejì kí ọkọ̀ tún gbé e padà kọjá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Ajah tàbí Ìkòròdú, ẹ lè lò tó wákàtí méjì kí ẹ tó rí ibùdókọ̀ sójú, rélùwéè kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà díẹ̀ péré ló ń lọ lóòjọ́, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Bí ti àárọ̀ bá fi yín sílẹ̀, ẹ̀ ń bọ̀ wá gbé ọmọ tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀ lọ sí gáréèjì nìyẹn. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí ìkànnì àjọ rélùwéè ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì ti wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, torí wọ́n máa yẹ ẹrù wò, ẹsẹ̀ ọmọdé kì í sì í yá lórí àtẹ̀gùn.

Ní ti Ìbàdàn, àwọn àgbà kan á sọ fún yín pé Dùgbẹ̀ ni rélùwéè ń já èrò sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ti àtijọ́, èyí tó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ti ìsinsìnyí kò dé Dùgbẹ̀. Mọ́níyà ló ń lọ, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ọ̀, ní ìkángun ìlú lápá àríwá. Bí ilé tí ẹ ń lọ bá wà ní Ọ̀jọ́ọ̀, Sámọ́ńdà, àyíká Yunifásítì tàbí Bódìjà, ẹ ti bọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ Challenge, Ring Road tàbí Olúyọ̀lé, ẹ ní láti la ìlú já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn sì lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń lọ sí Àpáta, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ọjọ́ yẹn máa dúró ní Omi-Àdìó. Bí ó bá ń dúró, ẹ sọ̀ níbẹ̀.

Níta Mọ́níyà, máíkírà ló máa ń dúró de èrò, ọkọ̀ kékeré yẹn tí Ìbàdàn fi ń ṣe takisí. Báàgì ńlá méjì ti kún búùtù rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣàlàyé, èrò méjì ni wọ́n máa kó síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ yín á sì wà lórí itan ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ sọ pé gbogbo ọkọ̀ ni ẹ fẹ́, ẹ sọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ dúnàádúrà tán kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù. Tàbí kí ẹ bẹ onílé kó wá pàdé yín. Èyí ló dára jù, mo sì rò pé kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oríṣi ìjókòó mẹ́ta ló wà. Ní tèmi, ìdílé tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání kò nílò èyí tó wọ́n jù lọ. Nínú kóòṣì gbogbogbò, ẹkún ọmọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àwọn ìyá mìíràn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ fi owó tó ṣẹ́kù gba máíkírà. Ẹ béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé kí ẹ tó san ti àgbà fún gbogbo orí.

Mo fọkàn tán an ju ojú títì lọ ní ti àkókò, àmọ́ ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ a sì máa kọṣẹ́. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ tó lè tó wákàtí márùn-ún dání, kì í ṣe ti mẹ́ta.

Ọkọ̀ ara ẹni

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì ti tó. Bí kò bá dá, ó lè di márùn-ún, kò sì sí ohun tó burú fún ọmọ ju wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ tí kò rìn.

Ẹni tó bá mọ kàlẹ́ńdà ọ̀nà yìí ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn òru máa ń wà ní Ibùdó Ìràpadà, ibùdó ìjọ Redeemed. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ti máa ń tò láti Ìbàfò lọ sí Mọ́wé. Oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá ní ti ìpàdé ńlá wọn, ìyẹn sì gba ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ Iléyá, ọjà màlúù àti àgbò ní Kára, lẹ́bàá afárá gígùn yẹn, máa ń tú jáde sójú títì. Ní Ògèrè, àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò dára fún jíjáde ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kò sì dára fún pípadà síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́fà, ni mo fẹ́ràn jù lọ. Bí ẹ kò bá tíì kúrò nílé nígbà tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ẹ sùn, kó di ọjọ́ kejì. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ kankan láàárín Ṣàgámù sí Ìbàdàn, níbi tí igbó ti pọ̀ tí ilé sì ti jìnnà síra.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ. Ẹ lè dúró. Àmọ́ ẹ má kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ igbó nítorí ìtọ̀. Ilé epo ńlá ni kí ẹ yà sí, wọ́n pọ̀ láti Ìbàfò títí dé Ṣàgámù. Lẹ́yìn ibẹ̀ wọ́n ń dín kù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ tọ̀ kí ẹ tó kọjá Ṣàgámù, bó sọ pé òun fẹ́ tọ̀ tàbí kò sọ. Póò kékeré kan pẹ̀lú náílọ̀nù nínú ọkọ̀ á yọ yín nínú go-slow.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 má jókòó níwájú, bó ti wù kó sunkún tó. Fún ọmọ kékeré, ẹ wá àga ọmọdé tí wọ́n ń so mọ́ ìjókòó. Tòkunbọ̀ rẹ̀ wà lọ́jà, àmọ́ ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ fa okùn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí àgbà kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Òbí kan ṣoṣo tó ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ méjì lẹ́yìn, mi ò fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì gan-an ni àjàgbé máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ yín.

Lórí èébì: ọmọ tó máa ń bì nínú mọ́tò, ẹ má fún un ní mílíìkì tàbí àkàrà olóròóró kí ẹ tó jáde. Búrẹ́dì díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ tútù ti tó. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tó tẹ̀ mọ́ nǹkan nísàlẹ̀ nígbà tí ara ń mì ló ń fa púpọ̀ nínú èébì yẹn. Kó máa wo iwájú, kó bá yín ka àjàgbé aláwọ̀ pupa.

Ìṣirò owó rẹ̀ rọrùn. Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 10 ní 100 kìlómítà máa jẹ bíi lítà 13 ní àlọ, láìka go-slow àti AC. Iye yẹn kò yí padà bóyá ènìyàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ tàbí márùn-ún. Fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ó sábà máa ń dín ju tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún pẹ̀lú máíkírà lọ, ẹ sì tún máa rí ọkọ̀ kó àwọn ọmọ lọ wo ẹranko ní ọgbà Yunifásítì tàbí kí wọ́n lọ ṣeré ní Agodi ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti gbó, bí ẹ́ńjìnnì bá máa ń gbóná tí ẹ bá pẹ́ lójú kan, ẹ ti mọ èsì rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ sílé.

Ọkọ̀ gáréèjì

Ọ̀jọ́ta, Berger àti Òṣòdì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbéra, wọ́n sì ń já sí Challenge, New Garage tàbí Ìwó Road. Lójú, ó dà bíi pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọkọ̀ wà látàárọ̀ títí di alẹ́, kò sí pé ọkọ̀ fi yín sílẹ̀. Fún ẹni tó ń lọ sí Challenge, ó já a sí ẹnu ọ̀nà ju rélùwéè lọ.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá kún ló ń lọ. "Ó ku ẹnì kan" lè gba ìdajì wákàtí nínú oòrùn, ọmọ á sì ti lo gbogbo sùúrù rẹ̀ tán kí táyà tó yí. Ìjókòó mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń tò, bẹ́líìtì kì í sábà sí. Kọ̀ndọ́ á sọ pé: "Màmá, ẹ gbé ọmọ yẹn lé itan, àbí kí ẹ sanwó ìjókòó rẹ̀." Ẹ san án. Mo mọ̀ pé owó ṣòro, mo sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni orí itan. Ọmọ ọdún mẹ́ta lórí itan fún wákàtí mẹ́ta, tí ẹ̀gbẹ́ yín méjèèjì há, ẹsẹ̀ yín á kú, òun náà á máa yí bí ejò, ibi tí ẹ bá sì sọ̀ sí, ẹ kò ní lè gbé ẹrù mọ́. Bí ẹ bá ti wá san ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ìṣirò ṣe, kí ẹ fi wé ti rélùwéè kí ẹ tó pinnu.

Ẹ má jókòó sí ìlà ìkẹyìn, ibẹ̀ ló ń jó jù, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń bì jù. Ẹ má gbà kí wọ́n fi yín síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ìlà tó tẹ̀ lé ti dẹ́rẹ́bà, lẹ́bàá fèrèsé, ni kí ẹ tọrọ, kí ẹ tètè dé láti rí i. Ẹ kó àpò kan tí kò ní wọ búùtù: tísù, náílọ̀nù, omi, aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti bùbá kan fún ìyá. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú bébà, ẹ fi sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, torí èrò gáréèjì pọ̀.

Ohun kan wà nínú ọkọ̀ gáréèjì tí mi ò lè gbójú fò. Àwọn èrò máa ń bá yín gbé ọmọ. Ìyá tí ẹ kò mọ̀ á na ọwọ́ gba ọmọ ọwọ́ kí ẹ lè fún èkejì lóúnjẹ. Bí dẹ́rẹ́bà bá sáré jù, ẹnì kan á pariwo láti ẹ̀yìn pé "Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o, ọmọ wà nínú ọkọ̀!" Bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀, gbogbo wọn ló máa bá yín bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Síbẹ̀ òun ló ní àṣẹ, ibi tó bá wù ú ló máa dúró sí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà ìjókòó, wọ́n sì ń gbéra ní àkókò tí wọ́n dá. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ èrò, irú wọn ni kí ẹ wá. Ẹ má fi ọmọ wọ sóólè lójú títì, ọkọ̀ tí kò ti gáréèjì kankan jáde, bó ti wù kó dín owó tó, kí ẹ má sì gbéra ní alẹ́.

Ṣátà

Ṣátà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gba Sienna tàbí mọ́tò kékeré pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, ó gbé yín láti ẹnu géètì ní Èkó, ó sọ̀ yín sí ẹnu géètì ní Ìbàdàn. Kò sí gáréèjì, kò sí máíkírà, ẹrù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ti ìrọ̀rùn ọmọ, ó bá ọkọ̀ ara ẹni dọ́gba, àgbà méjèèjì sì lè jókòó ti àwọn ọmọ.

Owó rẹ̀ ló máa ń le. Ìdílé méjì tó jọ ń lọ lè pín in, ìyẹn ló sì mú un wá sílẹ̀. Awakọ̀ tí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ ti lò rí ni kí ẹ wá. Ẹ béèrè nípa bẹ́líìtì ẹ̀yìn kí ó tó wá, kì í ṣe nígbà tó bá dé. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé kò ní gbé èrò mìíràn lọ́nà, ẹ san díẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ san ìyókù ní Ìbàdàn. Awakọ̀ Ìbàdàn tó kó èrò wá sí Èkó láàárọ̀, tó sì ń padà lófìfo, sábà máa ń gba iye tó kéré sí ti awakọ̀ Èkó.

Ta ni kó mú èwo

Ìyá tó ń dá lọ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ méjì, tó ń gbé nítòsí Yábà tàbí Agége, kó wọ rélùwéè àárọ̀, kó sì jẹ́ kí ẹnì kan pàdé rẹ̀ ní Mọ́níyà. Bí kò bá sí ẹni tó lè pàdé rẹ̀, kó fi owó máíkírà kún ìṣirò látilé.

Bàbá àti ìyá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, tí ọkọ̀ wọn dára, tí wọ́n sì ń lọ sí apá Challenge tàbí Olúyọ̀lé: ọkọ̀ ara ẹni, ní ìdájí Sátidé tí kò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Ẹni tó ń kó ilé lọ, tó ní ìkòkò, ẹní, bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti àpò aṣọ márùn-ún, kó má tan ara rẹ̀ pẹ̀lú rélùwéè. Kó jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù ṣáájú, kí òun àti àwọn ọmọ gba ṣátà tẹ̀ lé e. Ṣátà náà ni mo máa sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah tàbí Lẹ́kkí, àti ẹni tó ní ìbejì ọmọ ọwọ́ tàbí ìyá àgbà tí eékún ń dùn nínú ìrìn.

Ẹni tí owó há fún, tó ń lọ pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tó ti lé ní ọdún márùn-ún, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tó o. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè sọ ohun tó ń ṣe é, ó sì lè ní sùúrù.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó máa ń bì gidigidi nínú mọ́tò, rélùwéè ni kí ẹ mú, kódà bó bá jẹ́ Challenge ni ẹ ń lọ. Bí ẹ bá sọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ má sáré wọ máíkírà. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó mu omi, kó rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ ṣáájú pé ọmọ yìí máa ń bì, kó má baà sáré ní àwọn ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè tó ń sọ̀.